Òṣìṣẹ́ Tí Àìsàn Dá Dúró: Ìtàn Owó Ìfẹ̀yìntì Aláìlera ní Aládé, Ìdànrè

Ìfẹ̀yìntì nítorí àìlera ni kí òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ orí tàbí iye ọdún tí òfin là sílẹ̀ tó pé, nítorí pé ara rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ náà mọ́. Ó yàtọ̀ sí ti ẹni tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí òun kọ́ ló mú ọjọ́ tí yóò lọ. Ọdún tó ti sìn ni ìjọba fi ń ṣírò ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọdún tí ì bá sì tún sìn ni òun àti ìdílé rẹ̀ fi ń ṣírò ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti ní òfin owó ìfẹ̀yìntì ni ọ̀rọ̀ aláìlera ti wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń yí padà láti òfin dé òfin ni ẹni tí yóò ru ẹrù àìsàn náà: ìjọba ni, tàbí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìlú àgbẹ̀ ni Aládé. Lára Ìdànrè ni, ní ẹsẹ̀ òkè olókùúta tí àwọn baba ńlá ìlú náà gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ìlú Odòde kò jìnnà sí i, Àkúrẹ́ náà kò sì ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Kòkó ló sọ agbègbè náà di gbajúmọ̀, àwọn tó ń gba owó oṣù níbẹ̀ kò sì tíì fìgbà kan pọ̀ tó àwọn tó ń gba owó kòkó. Nítorí náà, oko ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ kì í fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí agbára bá ṣe ń dín kù ni oko ń dín kù. Ẹbè kíkọ àti igbó ṣíṣán a di ti àwọn ọmọ, baba a wá kù sí ẹnu ọ̀nà abà níbi tó ti ń ṣọ́ ohun tí wọ́n sá. Àìsàn òjijì ni kì í fúnni láyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ bá mú ní àárín òjò, èpò kì í dúró dè é. Wọ́n sábà máa ń ka àáró àti ọ̀wẹ̀ mọ́ ohun tó ń gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ là láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bẹ́ẹ̀ tán. Àáró jẹ́ iṣẹ́ tí a ń san padà: ẹni tí kò lè lọ sí oko ẹlòmíràn kò lè retí pé kí wọ́n máa wá sí tirẹ̀ títí, àfi tó bá ní ọmọkùnrin tí yóò rán dípò ara rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ń fẹ́ oúnjẹ àti ẹmu fún àwọn tó bá wá, agbára bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ tán nílé olókùnrùn. Ẹbí ló kù. Àwọn ọmọ, àbúrò àti ìyàwó ló ń gbé aláìsàn, bí ẹbí bá sì tóbi tó, kì í sábà hàn síta pé ẹnì kan kò ṣiṣẹ́ mọ́.

Kòkó mú ohun tuntun wọ inú ètò yìí. Iṣu àti àgbàdo ń fẹ́ kí wọ́n tún wọn gbìn lọ́dọọdún. Igi kòkó tí wọ́n bá gbìn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, yóò sì máa so fún ogún, ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olóko tó ń ṣàìsàn lè fi oko náà sí ọwọ́ ẹlòmíràn kí wọ́n jọ máa pín èso rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, àgbẹ̀ ní ohun tí ń mú owó wá nígbà tí òun dùbúlẹ̀. Àwọn tó ní oko kòkó ní Ìdànrè kò pè é ní owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn nìyẹn.

Àléébù rẹ̀ kò ju pé ohun tó ṣeé fi dógò ni. Ní gbogbo ilẹ̀ kòkó Yorùbá, ẹni tí owó ìtọ́jú bá ká mọ́ lè gbé oko rẹ̀ fún olówó. Olówó yóò máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, ohun tó sì ń ká kò ní yọ kúrò nínú gbèsè, èlé ni. Ọjọ́ tí onígbèsè bá rí owó tó yá gan-an san pátápátá ni oko tó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tí oko rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, níbo ni yóò ti rí owó ọ̀hún? Ọ̀pọ̀ oko ló dógò títí tí olóko fi kú, tí àwọn ọmọ sì jogún gbèsè pẹ̀lú ilẹ̀.

Owó oṣù dé Ìdànrè nígbà tí ìlú ṣì wà lórí òkè. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ ní 1896. Ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀wọ̀n náà sì wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Tíṣà, akọ̀wé kóòtù àti wọ́dà ló ń gbà á: èèyàn díẹ̀ tí oúnjẹ wọn kò ti inú ilẹ̀ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sanwó tíṣà, ṣọ́ọ̀ṣì kì í sì í ṣèlérí owó ìfẹ̀yìntì. Tíṣà tí àìsàn bá dá dúró yóò padà sí oko bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ṣì fi àyè sílẹ̀ fún un níbẹ̀. Àìdọ́gba owó àti àìní ààbò lẹ́nu iṣẹ́ wà lára ohun tó mú àwọn olùkọ́ kóra jọ dá ẹgbẹ́ wọn, NUT, sílẹ̀ ní 1931.

Òfin àkọ́kọ́ tó dúró gbọn-in lórí owó ìfẹ̀yìntì ní Nàìjíríà ni ti 1951, tí wọ́n mú kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1946. Àwọn òyìnbó tó ń sìn ní ilẹ̀ àmọ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ rò ó fún. Ọmọ onílẹ̀ lè jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ gómìnà ni àṣẹ wà. Èrò inú rẹ̀ ti gbó ju ọdún rẹ̀ lọ. Láti 1859 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ gba owó ìfẹ̀yìntì kó tó pé ọmọ 60 ọdún, àyàfi tó bá mú ìwé dókítà wá pé àìlera rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìwé dókítà yẹn ni gbogbo òfin tó tẹ̀ lé e, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Èkó, ń béèrè títí di òní. Ohun kan tún wà tí òfin àwọn ilẹ̀ àmọ́nà ń tẹnu mọ́: òṣìṣẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ pípé sí owó ìfẹ̀yìntì. Àánú ìjọba ni wọ́n kà á sí. Èyí tó bá wù wọ́n ni wọ́n fún un.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí kan ilé púpọ̀ ní Aládé. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ sí i lójijì, tíṣà sì di dandan. Ọ̀dọ́ tó ka ìwé mẹ́fà tàbí mọ́dà lè di ẹni tí ń gba owó oṣù. Iṣẹ́ tíṣà di iṣẹ́ tó ń yọ ọmọ àgbẹ̀ kúrò lóko láìmú un kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ní oko kòkó díẹ̀ tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kò pa lára tán nígbà tó dé. Àwọn tó gbójú lé owó oṣù nìkan, òfin ni wọ́n dúró dè.

Ètò míì tún wà fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni. Ìjọba dá National Provident Fund sílẹ̀ ní 1961, òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí i. Àìlera pátápátá wà lára ìdí tí òṣìṣẹ́ fi lè gba owó náà ṣáájú ọjọ́ ogbó, ṣùgbọ́n ìdì kan ni wọ́n ń fún un lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá sì ti ná an tán, ó parí. Àjọ NSITF ló gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn òfin 1993. Àwọn alágbàṣe inú oko kòkó kò rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀.

Ìyípadà ńlá dé lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ìjọba ní 1974. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì 1979, tí wọ́n fún lágbára sẹ́yìn láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1974, ló wá to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti wà nígbà náà; wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kejì 1976, àwọn ọdún tí òṣìṣẹ́ ti fi sin Ìbàdàn ni wọ́n sì ń so pọ̀ mọ́ èyí tó fi sin Àkúrẹ́. Òfin náà ka àwọn ìdí tí ènìyàn fi lè fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àìlera wà lára wọn: bí ìgbìmọ̀ dókítà tí wọ́n yàn bó ṣe tọ́ bá jẹ́rìí pé ara tàbí ọpọlọ òṣìṣẹ́ kò lè gbé iṣẹ́ ipò rẹ̀ mọ́, yóò lọ pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n a tún wo bí ìpalára náà ti pọ̀ tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọdún 10 ni òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sìn kó tó gba gírátúítì, ìyẹn ìdì owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 15 kó tó gba owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù. Láti oṣù kẹfà 1992, wọ́n dín in kù sí ọdún 5 àti ọdún 10. Fún aláìlera, àtúnṣe yìí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tí àìsàn dá dúró lọ́dún kọkànlá, ìdì owó kan ṣoṣo ni ì bá gbà kí ọdún 1992 tó dé; lẹ́yìn rẹ̀, ó di ẹni tí yóò máa gba owó lóṣooṣù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bí ìṣirò náà ṣe lọ nìyí: ẹni tó sìn fún ọdún 10 gba gírátúítì tó jẹ́ ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan, àti owó ìfẹ̀yìntì tó jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá lé lórí rẹ̀ ń fi ìdá 8 kún gírátúítì, ó ń fi ìdá 2 kún owó ìfẹ̀yìntì, títí yóò fi dé 300 àti 80 ní ọdún 35. Tíṣà tí ẹ̀gbà bá mú lẹ́yìn ọdún 20, ìdajì owó oṣù rẹ̀ ń wá sílé. Bí ó bá kú kí ọdún márùn-ún tó pé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, àwọn tó fi sílẹ̀ yóò gba ìyókù ọdún márùn-ún náà.

Lórí ìwé, kò sí òfin tó ṣàánú aláìlera tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń pàdánù ni àárín ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn àti ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ dókítà rí i.

Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti 2008 ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí yékéyéké, ti àwọn ìpínlẹ̀ kò sì jìnnà sí i. Òṣìṣẹ́ tí kò sí lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kò lè gba ju ọjọ́ 42 lọ fún ìsinmi àìsàn láàárín oṣù méjìlá. Bí àpapọ̀ ọjọ́ tí àìsàn fi mú un jókòó sílé bá lé ní 42, kí wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀ dókítà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kó máa ṣiṣẹ́ lọ tàbí kó fẹ̀yìn tì. Ẹni tí iṣẹ́ gan-an ló pa á lára yóò máa gba owó oṣù rẹ̀ ní pípé títí ara rẹ̀ yóò fi dá tàbí títí wọn yóò fi ní kó máa lọ. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí pé àìsàn náà ní ìwé lọ́fíìsì: ìwé ìsinmi tí dókítà ìjọba fọwọ́ sí, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí.

Bẹ́ẹ̀, àìsàn tó ń dá òṣìṣẹ́ dúró kì í sábà kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù. Ẹ̀gbà, wárápá, àrùn ọpọlọ: ilé àwọn aláṣọ funfun, orí òkè àdúrà tàbí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ ni ẹbí máa ń gbé irú wọn lọ. Aláìsàn lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ara rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Lójú ẹ̀gbọ́n àti ìyá, wọ́n ṣe ohun tó yẹ. Lójú ọ̀gá iléèwé tó ń pe orúkọ láràárọ̀, ènìyàn kan kò wá síbi iṣẹ́, kò sì ránṣẹ́. Ọ̀gá tó láàánú yóò rán ẹnì kan lọ béèrè. Èyí tí kò bìkítà yóò kọ̀wé sí Àkúrẹ́ pé ó ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lábẹ́ òfin 1979, ẹni tí wọ́n bá lé kúrò kò ní gírátúítì, kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọdún 18 tó fi kọ́mọ lè tipa bẹ́ẹ̀ ṣòfò láìsí ẹnikẹ́ni tó gbèrò ibi sí i.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà pàdánù ni kíkọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ń ti òṣìṣẹ́ pé òun ń gba owó tí òun kò ṣiṣẹ́ fún, tàbí àwọn ẹbí rò pé kí orúkọ ilé má bàa bàjẹ́, pàápàá tó bá jẹ́ àrùn ọpọlọ. Wọ́n a bá a kọ ìwé pé kò ṣe mọ́. Bí ọdún rẹ̀ kò bá tíì tó iye tí òfin ń fẹ́, ìwé yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó lọ fúnra rẹ̀. Ìwé kan náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé kí wọ́n gbé òun síwájú ìgbìmọ̀ dókítà, ì bá mú un gba ọ̀nà mìíràn lọ. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe láti wo àìsàn sàn. Wọ́n ń wo fáìlì ìtọ́jú, wọ́n ń wo ènìyàn náà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún? Awakọ̀ tí ojú rẹ̀ fọ́ lè má lè wakọ̀ mọ́, kó sì lè jókòó dáhùn tẹlifóònù. Nítorí náà, ìdáhùn wọn lè jẹ́ pé kí wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn ìgbìmọ̀, fáìlì ló kù. Ìwé ìgbàsíṣẹ́ àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n fi fìdí iṣẹ́ múlẹ̀, ìwé ìgbéga, ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí, orúkọ ajogún, àbọ̀ ìgbìmọ̀ dókítà: bí ọ̀kan bá sọnù, owó dúró. Owó àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wà níbòmíràn, Àkúrẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọkọ̀ láti Aládé dé ibẹ̀ kì í ṣe ìrìn àjò gígùn fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún ẹni tí wọ́n ń gbé pọ̀n, ìrìn méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti mú kó sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó máa lọ.

Òfin 1979 kò yà owó kankan sọ́tọ̀. Inú àpò ìjọba lọ́dọọdún ni owó ìfẹ̀yìntì ti ń jáde, àwọn tó ń gbà á sì ń pọ̀ sí i. Àwọn tíṣà tí wọ́n gbà ní 1955 bẹ̀rẹ̀ sí í pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ní 1990, nígbà tí náírà ti ń wálẹ̀ látìgbà àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986. Owó ìfẹ̀yìntì tó ti dúró sójú kan sọ agbára nù. Èyí tí kò dé lákòókò sì pọ̀. Òfin 1999 tó jẹ́ ìpìlẹ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè gbìyànjú láti dí ihò yìí. Abala 210 rẹ̀, tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, sọ pé ẹ̀tọ́ sí owó ìfẹ̀yìntì kò ṣeé mú kúrò tàbí yí padà sí ìpalára ẹni tó ni ín, àfi bí òfin bá fàyè gbà á. Kí wọ́n máa ṣàtúnyẹ̀wò rẹ̀ ní ọdún márùn-márùn-ún tàbí nígbà tí wọ́n bá ń ṣàtúnṣe owó oṣù, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Kí wọ́n má sì gba owó orí lórí rẹ̀. Abala 173 sọ bákan náà fún ìjọba àpapọ̀. Ohun tí òfin 1951 kà sí àánú ti di ẹ̀tọ́. Síbẹ̀, Oǹdó àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ti jẹ àwọn tó fẹ̀yìn tì ní gírátúítì fún ọdún púpọ̀, ẹ̀tọ́ aláìlera sì wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ara rẹ̀ le.

Òfin Àtúnṣe Owó Ìfẹ̀yìntì tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2004 yí ìpìlẹ̀ padà. Òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ń dá owó sínú àpò tó ní orúkọ òṣìṣẹ́ náà, iléeṣẹ́ aládàáni ń bójú tó o, àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní PenCom sì ń ṣọ́ wọn. Òfin 2014 tí Goodluck Jonathan fọwọ́ sí sọ ìdá owó náà di 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ àti 8 láti ọwọ́ òṣìṣẹ́. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kan owó yìí kó tó pé 50 ọdún, àyàfi ẹni tí dókítà tó kúnjú ìwọ̀n tàbí ìgbìmọ̀ dókítà bá jẹ́rìí pé kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tí àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ẹni tí wọ́n kàn lé, tí kò sì rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, kò lè mú ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àǹfààní tòótọ́ kan wà nínú rẹ̀: ẹni tí wọ́n lé nítorí pé ó wà lórí òkè àdúrà kì í pàdánù ohun tó ti wà nínú àpò rẹ̀.

Ìṣirò ni kò ṣe aláìlera lóore. Kí a mú òṣìṣẹ́ tó sìn fún ọdún 12 tí àìsàn sì mú un kúrò ní ọmọ 40 ọdún. Lábẹ́ ìṣirò ti 1992, gírátúítì rẹ̀ jẹ́ 116 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan, yóò sì máa gba 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún títí ikú. Lábẹ́ òfin 2014, ìdá 18 lọ́nà méjìlá jẹ́ 216, láì ka èrè tí owó náà pa. Bó bá mú 116 kúrò bíi gírátúítì, 100 ló kù. Bó bá ń ná 34 lọ́dún, yóò tán ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, òun kò sì tíì ju ọmọ 43 lọ. Owó ẹni tó lo ọdún 35 ti pẹ́ nínú àpò, ó ti bímọ; ti aláìlera kò rí àyè bẹ́ẹ̀. Òfin náà tún pàṣẹ kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí tí kò kéré sí ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdílé ẹni tó kú ni owó yẹn wà fún. Ẹni tó yè, tí kò lè dìde, kò kàn án. Àìṣedéédéé yìí hàn gbangba, ó sì yani lẹ́nu pé àtúnṣe 2014 fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti iléeṣẹ́ aládàáni ni òfin 2004 dè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, bí Èkó ti ṣe ní 2007. Nítorí náà, ìlú kan náà lè ní ẹni mẹ́ta tí àìsàn kan náà mú, tí ìpín wọn kò sì dọ́gba: òṣìṣẹ́ àpapọ̀ ń wo àpò rẹ̀, tíṣà ọjọ́ pípẹ́ ń wo ìṣirò àtijọ́, òṣìṣẹ́ aládàáni ń wo bóyá ọ̀gá rẹ̀ dá owó náà rárá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ló fa ìpalára, Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 wà pẹ̀lú. Agbanisíṣẹ́ ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún NSITF; ẹni tí ìpalára bá sọ di aláìlè-ṣiṣẹ́ pátápátá ń gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ 14 ni òṣìṣẹ́ ní láti fi tó ọ̀gá létí, ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti kọ̀wé, ọdún kan sì ni gbèdéke ìbéèrè.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó padà wálé ń bá irú ìṣòro kan náà pàdé. Láti oṣù kẹrin 2016, ọdún 35 nínú ètò ìdáwó National Insurance ni wọ́n ń béèrè fún owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ní kíkún, ọdún 10 fún èyí tó kéré jù. Ẹni tí àìsàn mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè máa rí ọdún kà sí i bó bá béèrè fún owó àìlera tí ìjọba ń fúnni, àní bí kò bá san kọ́bọ̀. Ẹni tó jókòó sílé láìbéèrè ohunkóhun, ọdún rẹ̀ ń lọ lófo. Bó bá wá kó padà sí Ìdànrè, iye tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ni yóò máa gbà, nítorí Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fi kún owó náà fún lọ́dọọdún.

Fún àgbẹ̀ kòkó, ìyá ọlọ́jà àti mẹkáníìkì tí wọ́n pọ̀ jù ní Aládé, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì kékeré ní oṣù kẹta 2019. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ènìyàn bá fi pamọ́ ṣeé mú nígbà tí ọ̀ràn bá dé, ìdá 60 sì wà fún ọjọ́ ogbó. Kò sí agbanisíṣẹ́ tí yóò fi kún un.

Ní oṣù kẹrin 2022, Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó sún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tíṣà síwájú sí ọmọ 65 ọdún tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́, dípò 60 àti 35. Àwọn olùkọ́ ló béèrè fún un, inú wọn sì dùn. Ọdún márùn-ún tó lé lórí yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ojú tó ń ṣú sábà máa ń dé, bẹ́ẹ̀ ni òfin náà kò sì fi ohunkóhun kún ìpín ẹni tí àìsàn bá mú kúrò ṣáájú 65. Ọ̀nà ìgbìmọ̀ dókítà náà ló ṣì ń gbà.